Ohun Tó Ń Ké Nínú Píánò Ẹdẹ

Ọkùnrin mẹ́rìndínlógún ló ru píánò náà láti tẹ́ṣàn rélùwéè wọ ìlú Ẹdẹ, mẹ́rin nínú wọn ló sì búra pé àwọn ò tún ní ru ẹrù tí kò ṣeé jẹ mọ́ láyé. Kì í ṣe dùùrù kékeré tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ o. Píánò ńlá gidi ni, èyí tó na gbalaja, tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí ìdérí rẹ̀ fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Ọmọ Ẹdẹ kan tó rí ṣe l'Ékòó ló fi ta ìjọ lọ́rẹ. Ọkọ̀ ojú irin ò tíì pẹ́ ní Ẹdẹ nígbà náà, àwọn ọmọdé ṣì máa ń sá tẹ̀ lé e, nítorí náà ohunkóhun tó bá ti inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ìlú ló ni ín.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé píánò náà ń ké. Tí wọ́n bá tẹ eyín rẹ̀ kan, orin á jáde, igbe á sì tẹ̀ lé orin: kín-ín, kẹ́ẹ́n. Àwọn eyín mìíràn tó bá ti lọ sílẹ̀ kì í fẹ́ gòkè mọ́, àfi kí èèyàn fi èékánná fà wọ́n. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ sì ni ìjọ fẹ́ yà á sí mímọ́. Wọ́n ránṣẹ́ kíákíá sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rà á l'Ékòó, ṣọ́ọ̀bù sì rán Olúgbénga.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Olúgbénga, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fẹ́ràn ara rẹ̀ díẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi gbé àpótí irinṣẹ́ tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ kiri ilé àwọn olówó Èkó. Ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀gá ò tíì jẹ́ kó dá a ṣe rí. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ọ̀gá ní, "Gbénga, tí píánò yìí bá dákẹ́, ìwọ ni n ó fi sídìí gbogbo píánò àti dùùrù òkè, láti Abẹ́òkúta títí dé Òṣogbo. Tí kò bá dákẹ́, máa bọ̀ wá gbé àpótí rẹ." Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ ni ọ̀rọ̀ yìí ń yí lọ yí bọ̀ nínú rẹ̀. Ó ń wù ú kó dá dúró. Ó ń wù ú débi pé kò lè jẹ ẹ̀pà tó rà lọ́nà.

Bàbá Ìjọ ló wá pàdé rẹ̀ ní tẹ́ṣàn. Samuel Afọlábí lorúkọ wọn, oníṣòwò òwú ni wọ́n, èèyàn dáadáa sì ni wọ́n, àfi pé òfin tó wà lẹ́nu wọn pọ̀ ju eyín ibẹ̀ lọ. Kí àwọn méjèèjì tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Ìjọ ti ka púpọ̀ nínú rẹ̀ fún àlejò wọn, láìjẹ́ pé àlejò bi wọ́n léèrè. Tábà, rárá. Fèrè lọ́jọ́ ìsinmi, rárá. Olùkọ́ obìnrin kan fi làálì pa ẹsẹ̀ lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Obìnrin tó bá so ìlẹ̀kẹ̀ sídìí kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ ìjọ, kò sì gbọdọ̀ jókòó níwájú, nítorí ohun kèfèrí ni. Olúgbénga ń dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà," ọkàn rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ píánò.

Nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó di orí mú. Ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta píánò náà wà nínú àwo amọ̀ mẹ́ta, omi sì kún àwo náà dẹ́múdẹ́mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kí ni omi ń ṣe níbí?"

"Tèèrà ni. Àti tikán. Bí a ṣe ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ nìyẹn. Ṣé o fẹ́ kí ikán jẹ ẹ̀bùn ìjọ tán ni?"

"Ẹ sì tún fi nǹkan pa á nínú?"

Bàbá Ìjọ na àyà jáde. "Èmi fúnra mi ni. Ilẹ̀kùn tó bá ń ké, àdín la fi ń pa á lẹ́nu mọ́. Ìyẹ́ adìẹ ni mo fi kán an sí i, láàárín eyín, díẹ̀díẹ̀. Mi ò fi ṣòfò."

Ẹ̀rín gbọ̀n Olúgbénga nínú, ó gbé e mì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni ooru omi ti ń gòkè wọ inú pákó lábẹ́ píánò náà, igi gbígbẹ sì mọ omi í mu ju ràkúnmí lọ. Gbogbo ẹ̀ ti wú. Òróró àdín sì ti dì mọ́ inú ẹ̀rọ, eruku ti lẹ̀ mọ́ àdín. Àwọn tó ṣe é ò ṣìkà. Ìfẹ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa píánò náà.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni gbogbo ohun tó sọ. Ó gbé àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síta, ó da omi wọn sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì fi eérú gbígbẹ yí ẹsẹ̀ píánò ká, torí èèrà kì í fẹ́ gba inú eérú kọjá.

Ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ni pé ẹni tó ń wá igbe kì í wá gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Eyín píánò kan kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, ìdí rẹ̀ lẹ́yìn á gbé igi kan sókè, igi náà á ti òòlù kékeré kan tí wọ́n fi aṣọ bò lórí, òòlù á lu wáyà, á ta padà, igi mìíràn á sì gbà á mú kó má baà tún ta sókè. Ibikíbi nínú ìrìn àjò yìí ni igbe ti lè wá. Nítorí náà, kí o gbé òòlù dúró, kí o tẹ eyín: tó bá dákẹ́, òòlù lo máa bi. Tó bá ṣì ń ké, sọ̀ kalẹ̀ síwájú. Béèrè lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń dá ẹjọ́ àwọn ìyàwó ilé.

Ó yọ pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ iwájú, ó tú àwọn ìṣó tó di ẹ̀rọ mú, ó sì fa gbogbo ẹ̀rọ náà síta pẹ̀lú eyín márùndínláàádọ́rùn-ún. Ó dáa bó ṣe jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀, torí tí ọwọ́ bá ṣèèṣì tẹ eyín kan báyìí lásìkò tí ẹ̀rọ ń jáde, orí òòlù á há sókè, yóò sì dá pẹ́kẹ́. Òógùn bò ó. Kò sí èyí tó dá.

Ọjọ́bọ̀ ló fi ṣiṣẹ́ náà láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Pátákó iwájú ti wú débi pé ó ń fara gbo eyín mọ́kànlá. Ó fi bébà kékeré tì í síwájú, eyín mọ́kànlá sì ń gòkè bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ó fi ọtí líle nu àdín kúrò lára àwọn wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bú ìyẹ́ adìẹ náà lábẹ́lẹ̀. Awọ kékeré rìbìtì tó wà nídìí òòlù ti gbẹ, ó ń ké bí bàtà titun; ó lọ pẹ́ńsùlù dúdú di ìyẹ̀fun, ó fi pa á. Níbi tí igi bá ti ń kan igi, ó gé aṣọ pupa kíki tí wọ́n fi irun àgùntàn ṣe, ó fi sí àárín. Nígbà tó fẹ́ ti ẹ̀rọ padà, apá òsì kọ̀, kò wọlé. Ó tún fà á jáde, ó rí ibi tí pákó ti wú, ó fi bébà oníyanrìn họ ọ́ títí. Ní ìgbà kẹta, ó wọlé wẹ́rẹ́, ó jókòó sáyè rẹ̀. Olúgbénga tẹ eyín márùndínláàádọ́rùn-ún láti òpin dé òpin. Kín-ín kò sí, kẹ́ẹ́n kò sí. Ó jó díẹ̀ níbẹ̀, òun nìkan.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Tíṣà Adébísí wá dán an wò. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, òun nìkan sì ló mọ píánò í tẹ̀ ní gbogbo agbègbè yẹn. Obìnrin dúdú mìnìjọ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó wọ gáùn funfun tó bo ọrùn títí dé kókósẹ̀. Bàbá Ìjọ jókòó síwájú. Ìyàwó wọn, Ìyá Olúmúyìwá, àti obìnrin méjì ń gbálẹ̀ lẹ́yìn. Adébísí gbé ọwọ́ lé eyín, orin sì tú jáde tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbálẹ̀ dúró.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ síbi àwọn ohùn ńlá ìsàlẹ̀. Kẹ́ẹ́n.

Olúgbénga bojú wẹ̀yìn. Lọ́dọ̀ àwọn agbálẹ̀, ẹnìkan fi ẹnu pamọ́ sínú gèlè, èjìká rẹ̀ ń mì. Olúgbénga rò pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

"Ó ṣì ń ké," ni Bàbá Ìjọ wí.

Olúgbénga jókòó, ó tẹ eyín kan náà. Ó dákẹ́. Adébísí jókòó, ó tẹ̀ ẹ́. Kẹ́ẹ́n. Wọ́n pààrọ̀ àga, wọ́n lo àga Bàbá Ìjọ fúnra wọn. Kẹ́ẹ́n. Ó tún fa ẹ̀rọ jáde, ó tún tì í padà. Kẹ́ẹ́n, bí ẹni ń fi í ṣẹ̀sín. Bàbá Ìjọ kanra, wọ́n jáde lọ bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn agbálẹ̀ sì gbá eruku wọn jáde tẹ̀ lé wọn.

Olúgbénga fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ píánò, ó gbé etí sókè. Adébísí ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Orin ń bọ̀ láti òkè orí rẹ̀, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n igbe náà kò wá láti òkè. Ó yà á lẹ́nu. Ó rántí ẹ̀kọ́ ọ̀gá rẹ̀: yọ nǹkan kan kúrò, kí o tún gbọ́.

"Tíṣà, ẹ dákun, ẹ má tẹ nǹkan kan. Ẹ kàn tẹ̀ sí òsì bí ẹni fẹ́ tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ sí òsì. Píánò kò sọ nǹkan kan. Kẹ́ẹ́n.

Olúgbénga mọ ohùn náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ kún fún obìnrin. Lágídígba ni, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí wọ́n fi èèpo èkùrọ́ ṣe, ó tó okùn mẹ́wàá lábẹ́ gáùn funfun yẹn, tí wọ́n so le, tí wọ́n ń fara gbo ara wọn. Ó fẹ́ dìde, ó fi orí kọ píánò gbì. Nígbà tó yọjú, Adébísí ń wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè lórí eyín, ojú rẹ̀ sì ti sọ gbogbo rẹ̀. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni. Ẹ̀rù bà á gan-an, àánú rẹ̀ sì ṣe Olúgbénga.

Ẹsẹ̀ Bàbá Ìjọ ti ń bọ̀.

"O ti rí i?"

"Mo ti rí i, Bàbá."

"Kí ni?"

Èèyàn a máa sọ pé òtítọ́ rọrùn. Olúgbénga dúró síbẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án àpótí gbígbé wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo píánò òkè wà níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì kù. Bàbá Ìjọ tilẹ̀ fi ọ̀nà hàn án. "Àbí ọwọ́ Tíṣà ni kò dára? Ìwọ tẹ̀ ẹ́, kò ké. Òun tẹ̀ ẹ́, ó ké. Sọ ọ́ bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ. "Rárá o, sà. Tíṣà ò ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ mi ni kò tíì parí."

"Ó dáa. Tó bá fi máa di ọ̀la, tó ṣì ń ké, a ó tún un dì sínú àpótí, ọkọ̀ ọjọ́ Ajé á gbé e padà. Ìwọ àti òun. N ó sì kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ pé o ò mọ iṣẹ́."

Ilé Àwáwù ni wọ́n fi Olúgbénga wọ̀ sí, ìyá àgbà ọlọ́ṣẹ kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mùsùlùmí ni, ó ń kírun rẹ̀ lásìkò, ó sì ń fi gbogbo ohun tó ń lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ìran wò. Ó ń to ọṣẹ dúdú sínú agbọ̀n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí Olúgbénga dé, tí kò lè jókòó, tí kò lè dúró.

"Ìyá, tí èèyàn bá mọ ibi tí ariwo ti ń wá, ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ ò gbọdọ̀ dárúkọ ibẹ̀ ńkọ́..."

"Ìdí Adébísí ni," ni Àwáwù wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Olúgbénga ya ẹnu.

"Kí lo ń wò mí sí? Ìyá Olúmúyìwá ti gba ibí kọjá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ọṣẹ mi. Gbogbo obìnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ti mọ̀, ẹ̀yin ọkùnrin lẹ ń wá a lábẹ́ pákó." Àwáwù nu ojú. "Ìyá rẹ̀ àgbà ló so ó fún un, l'Ára, ìlú wọn níbẹ̀. Ìyá yẹn ló tọ́ ọ láti kékeré, ó sì ti kú. Ọmọ ẹni kò ní ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ṣé kó wá já a dànù ni?"

"Kò gbọdọ̀ já a o," ni Olúgbénga wí. Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe rò lọ.

Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rìn padà. Lẹ́yìn náà ló ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó yọ aṣọ pupa kíki náà, ó sì gé e gígùn, ó fẹ̀ tó ọwọ́ kan. "Ìyá, nínú iṣẹ́ wa, tí nǹkan líle bá ń fara kan nǹkan líle, a kì í ju ìkankan nù. Aṣọ la ń fi sí àárín wọn. Ẹ dákun, ẹ bá mi gbé e fún un. Kó fi la àárín àwọn okùn rẹ̀, kó sì fi ọ̀já dì í. Ẹ má sọ pé èmi ni."

"N ó sọ pé màlékà ni," ni Àwáwù wí. Ó fi aṣọ náà sábẹ́ ọṣẹ, ó gbé agbọ̀n rù, ó sì jáde lọ bí ẹni ń kiri ọjà.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Olúgbénga kò lè jẹun. Àwáwù kò sọ ohun tí Adébísí sọ. Ó ní iṣẹ́ jíjẹ́ ni wọ́n rán òun, wọn ò rán òun ní èsì. Adébísí wọlé, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó jókòó sídìí píánò rọra, bí ẹni jókòó sórí ẹyin. Bàbá Ìjọ ká ọwọ́ mọ́ àyà. Orin bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òsì gbéra, ó ń lọ, ó ń lọ sísàlẹ̀, Adébísí tẹ̀ tẹ̀lé e títí dé eyín ìkẹyìn pátápátá.

Ohùn ńlá náà dún, ó kún gbogbo ilé, ó sì dákẹ́. Kò sí ohun tó tẹ̀ lé e.

Adébísí tún tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ sí òsì, ó tẹ̀ sí ọ̀tún, ó sáré láti òpin kan dé èkejì, orin sì wá di orin ìdùnnú gidi, ẹ̀rín bọ́ sójú rẹ̀ kò sì lè dá a dúró mọ́. Àwọn agbálẹ̀ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bàbá Ìjọ dìde, wọ́n gbá Olúgbénga lẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tó wúkọ́.

"Ọmọ dáadáa! Kí ló wá jẹ́ gan-an?"

"Nǹkan líle méjì ló ń fara kan ara wọn, sà. A fi aṣọ sí àárín."

"Aṣọ lásán!" Bàbá Ìjọ mi orí. "Ọgbọ́n ò tán láyé."

Nígbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, Adébísí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Mo dúpẹ́," ló sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ṣùgbọ́n aṣọ yín ń yún èèyàn o." Inú Olúgbénga dùn. Títí ó fi dé ilé, ó ń rẹ́rìn-ín òun nìkan lójú títì.

Wọ́n ya píánò sí mímọ́ lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ará Awo àti Sẹ́kọ́nà wà níbẹ̀, àwọn Mùsùlùmí àdúgbò dúró lójú fèrèsé, ó sì dùn. Bàbá Ìjọ kọ̀wé sí Èkó lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Olúgbénga rò pé iṣẹ́ ti tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bó ṣe ń di ẹrù rẹ̀, Ìyá Olúmúyìwá, ìyàwó Bàbá Ìjọ, wọlé sọ́dọ̀ Àwáwù. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ní, "Aṣọ pupa yẹn, ṣé ó ṣẹ́kù? Tèmi náà ń ké tí mo bá kúnlẹ̀ fún àdúrà."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Ìyá?" Olúgbénga ò mọ ibi tí yóò kọjú sí. "Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Òfin àga ìwàásù nìyẹn, kì í ṣe òfin yàrá."

"Kí ló wá dé tí wọn ò dá ohùn náà mọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Ohun tí ọkùnrin bá ń gbọ́ nílé, kì í dá a mọ̀ níta."

Olúgbénga gé aṣọ fún wọn. Kí ọkọ̀ tó fọn fèrè, àwọn agbálẹ̀ méjèèjì ti dé, lẹ́yìn wọn sì ni ìyá kan láti inú ẹgbẹ́ akọrin. Àwáwù fi àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ń tò wọ́n. Aṣọ pupa tán nínú àpótí. Olúgbénga jẹ́ kí ọkọ̀ lọ, ó sì kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n fi ọ̀pá mẹ́jọ aṣọ pupa ránṣẹ́.

Èsì dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, pẹ̀lú ìdì aṣọ. "Gbénga," ni ọ̀gá kọ, "ìwé Bàbá Ìjọ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ṣe iṣẹ́ rẹ bí ọkùnrin. Láti òní lọ, ìwọ lo ni gbogbo òkè, máa dá a ṣe. Ṣùgbọ́n ohun kan ò yé mi. Píánò kan ṣoṣo la tà sí Ẹdẹ, ọ̀pá mẹ́jọ lo sì béèrè. Píánò mélòó ló wà nílùú yẹn gan-an?"

Olúgbénga ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fò sókè, ó gbá Àwáwù mọ́ra títí ìyá àgbà fi pariwo. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó mú pẹ́ńsùlù, ó sì ronú pẹ́ kó tó kọ èsì.

"Wọ́n pọ̀, sà," ló kọ. "Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ké."